Maharashtra: Ta ló ń sọ ẹni tó jẹ́ aṣòfin, kí ló sì dé tí àga olórí alátakò fi ṣófo?

Nígbà tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Maharashtra ní orílẹ̀-èdè India jáde dìbò lọ́jọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ méjì ló ń pe ara wọn ní Shiv Sena, ẹgbẹ́ méjì mìíràn sì ń pe ara wọn ní NCP, ìyẹn Nationalist Congress Party. Shiv Sena kan wà nínú ìjọba, èkejì ń bá ìjọba jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti NCP. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán lọ́jọ́ 23, ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta tó para pọ̀ ṣe ìjọba ti kó ìjókòó 230 nínú 288. Nínú àwọn alátakò tó kù, kò sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ní tó 29, iye tí àṣà ní kí ẹgbẹ́ ní kó tó lè mú olórí alátakò wá. Bí ilé aṣòfin ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn láìsí ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí pé òun ni olórí alátakò.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn yìí gbọ́-n-gbọ́ lè rò pé ìjà ìdílé Thackeray, àwọn tó dá Shiv Sena sílẹ̀, lásán ni, tàbí pé àwọn olóṣèlú kàn ń fẹgbẹ́ ṣeré ni. Ìjà ìdílé wà níbẹ̀, eré náà ò sì gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, àga abẹnugan ni gbogbo rẹ̀ ń forí sọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ṣì jẹ́ aṣòfin àti ẹni tí ìjókòó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ló sọ Shiv Sena tó jẹ́ ojúlówó nínú ilé. Òun náà ló sì ń sọ bóyá olórí alátakò wà tàbí kò sí.

Irú ilé aṣòfin wo ni ti Maharashtra?

Ilé méjì ni. Ilé ìsàlẹ̀, Vidhan Sabha, ni èyí tó ní ọmọ ilé 288 tí ará ìlú ń fìbò yàn ní tààrà fún ọdún 5. Òfin ya ìjókòó 29 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn Dalit, ìyẹn àwọn tí ètò ìran ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ayébáyé, ó sì ya 25 sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Adivasi. Ilé òkè, Vidhan Parishad, ní ọmọ ilé 78. Àwọn aṣòfin ìsàlẹ̀ ló ń yan 30 nínú wọn, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń yan 22, àwọn tó gboyè yunifásítì ń yan 7, àwọn olùkọ́ ń yan 7, gómìnà sì ń yan 12 látinú orúkọ tí ìjọba bá fi ránṣẹ́ sí i. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà péré ló ní ilé òkè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo India.

Mumbai ni wọ́n ti máa ń jókòó, àmọ́ tí ìgbà òtútù bá dé, wọ́n á kó lọ sí Nagpur.

Ohun tó sábà máa ń da àwa tí a wà ní Nàìjíríà rú ni ipò gómìnà. Ní India, ará ìlú kì í dìbò yan gómìnà. Ààrẹ ló ń yàn án gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ní Delhi bá ṣe gbà á nímọ̀ràn. Ẹni tó ń ṣèjọba gan-an ni olórí ìjọba ìpínlẹ̀, bí ìgbà tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ Pírémíà ní Ìbàdàn. Kò sì lè dé orí àga yẹn àfi tí ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ilé ìsàlẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Maharashtra, 145 ni ọ̀pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá tó 145 mọ́, ìjọba ti ṣubú. Ìdí nìyí tí kíka orí àwọn aṣòfin fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, níbi tí gómìnà ti ní ìbò tirẹ̀ lọ́wọ́.

Níbo ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni. BJP, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àpapọ̀ ní Delhi, àti Shiv Sena jọ polongo. BJP gba 105, Shiv Sena gba 56. Ní òdìkejì, NCP gba 54, ẹgbẹ́ Congress gba 44. Ìṣirò rẹ̀ kò le: 105 àti 56 ju 145 lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Uddhav Thackeray, olórí Shiv Sena, ní àdéhùn àwọn ni pé ẹgbẹ́ méjèèjì yóò pín ipò olórí ìjọba sí méjì, kí oníkálukú lo ìdajì sáà. BJP ní kò sí àdéhùn tó jọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àjọṣe ti tú.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá, Delhi gba àkóso ìpínlẹ̀ náà. Lọ́jọ́ 23, ní ìdájí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ibùsùn, gómìnà Bhagat Singh Koshyari búra fún Devendra Fadnavis ti BJP gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, ó sì búra fún Ajit Pawar tó wá láti inú NCP gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Ìjọba ìdájí yìí kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí wọ́n lọ ka orí nínú ilé, àwọn méjèèjì sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ 26. Ọjọ́ 28 ni Uddhav búra pẹ̀lú àtìlẹ́yìn NCP àti Congress, àwọn ọ̀tá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bá jà láti ìgbà baba rẹ̀.

Uddhav kì í ṣe ọmọ ilé kankan lọ́jọ́ tó búra. Òfin India gbà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà péré, kí onítọ̀hún wá ìjókòó. Ilé òkè ló gbà wọlé lóṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti sé gbogbo ayé mọ́lé.

Ẹni tó jẹ́ abẹnugan ìjọba yẹn ni Nana Patole ti Congress. Lóṣù kejì ọdún 2021, ó fi àga náà sílẹ̀ láti lọ jẹ alága ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Bó o bá fẹ́ mú ibi kan tí ìjọba Uddhav ti ṣe ara rẹ̀ níkà, ibí yìí ni. Àga abẹnugan ṣófo fún ohun tó lé ní ọdún kan, igbákejì abẹnugan, Narhari Zirwal ti NCP, ló ń dí i mú. Ìjọba tiẹ̀ yí òfin ilé padà lóṣù kejìlá ọdún 2021 pé kí ìbò abẹnugan má jẹ́ ìbò bòńkẹ́lẹ́ mọ́, torí wọ́n ń bẹ̀rù kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn má lọ dìbò fún òdìkejì lábẹ́lẹ̀. Gómìnà ò gbà, kò sì fọwọ́ sí ọjọ́ ìdìbò. Gómìnà yìí kan náà ni ìjọba fi orúkọ ènìyàn 12 ránṣẹ́ sí lóṣù kọkànlá ọdún 2020 fún ilé òkè, kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kí a má rò pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń lo agbára nílòkulò, ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà nínú oṣù keje ọdún 2021. Bhaskar Jadhav ti Shiv Sena ló jókòó sórí àga lọ́jọ́ yẹn. Ariwo sọ, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn aṣòfin BJP pé wọ́n rí ẹni tó ń darí ilé fín, ilé sì lé 12 nínú wọn síta fún ọdún kan gbáko. Lóṣù kìíní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé e, ó ní ilé kò lè lé aṣòfin síta kọjá ìpàdé tó ń lọ lọ́wọ́, torí àwọn tó dìbò yàn án ni yóò pàdánù aṣojú. Ẹ fi orúkọ Jadhav yẹn sọ́kàn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2022?

Lọ́jọ́ 20 oṣù yẹn, àwọn aṣòfin dìbò láti fi yan ọmọ ilé òkè 10. BJP gba 5, èyí tó ju ohun tí iye orí wọn lè mú wá lọ. Ó túmọ̀ sí pé àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣèjọba ti dìbò fún wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Eknath Shinde, mínísítà àti àgbà nínú Shiv Sena, ti kó àwọn aṣòfin lẹ́yìn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Surat, ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ bàálù lọ sí Guwahati, ní Assam, ní apá ìlà-oòrùn India lọ́hùn-ún. BJP ló ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ méjèèjì.

Kí ló gbé wọn dé hòtẹ́ẹ̀lì? Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni. Aṣòfin kan nínú Shiv Sena ti kú, àwọn 55 ló kù. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ 37. Ẹni tó bá kó ènìyàn tó tó 37 ní nǹkan lọ́wọ́, ẹni tí kò bá kó wọn tó ọlọ̀tẹ̀ lásán ni, ìjókòó rẹ̀ sì lè bọ́. Torí náà, wọ́n ń so àwọn ènìyàn mọ́jú kan kí ẹnikẹ́ni má baà pe wọ́n lórí fóònù kí ọkàn wọn yí padà. Lójoojúmọ́ ni fọ́tò ń jáde láti inú hòtẹ́ẹ̀lì náà, tí àwọn oníròyìn sì ń fi ìka ka orí. Níkẹyìn wọ́n tó bí 40.

Ní Mumbai, ẹgbẹ́ Uddhav ní kí Zirwal gba ìjókòó lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ti fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ yọ Zirwal fúnra rẹ̀ nípò. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Lọ́dún 2016, nínú ẹjọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Arunachal Pradesh tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Nabam Rebia, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé abẹnugan tí wọ́n ti kọ̀wé láti yọ kò lè jókòó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹlòmíràn. Ìwé kan ṣoṣo, ó ti so ọwọ́ adájọ́. Lọ́jọ́ 27, ilé ẹjọ́ fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ láàyè títí di ọjọ́ 12 oṣù keje láti dáhùn.

Wọn ò dúró de ọjọ́ 12. Gómìnà ní kí Uddhav wá fi hàn nínú ilé lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà pé ọ̀pọ̀ ṣì wà lẹ́yìn òun. Ilé ẹjọ́ kọ̀ láti dá a dúró. Lálẹ́ ọjọ́ 29, Uddhav bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fipò sílẹ̀ láìdúró de kíka orí. Ìwé ìfipòsílẹ̀ yẹn ló pa á lára jù nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́.

Lọ́jọ́ 30, Shinde búra, Fadnavis di igbákejì rẹ̀. Àga abẹnugan tí kò ṣeé dìbò sí láti ọdún tó kọjá, wọ́n dìbò sí i lọ́jọ́ kẹta oṣù keje: Rahul Narwekar ti BJP, aṣòfin Colaba ní gúúsù Mumbai, gba ìbò 164, Rajan Salvi ti ẹgbẹ́ Uddhav gba 107. Lọ́jọ́ kejì, Shinde fi 164 borí 99.

Kí ni òfin sọ nípa aṣòfin tó bá yí ẹgbẹ́ padà?

Lọ́dún 1967, aṣòfin kan ní ìpínlẹ̀ Haryana tó ń jẹ́ Gaya Lal yí ẹgbẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Títí di òní, bí ará India bá fẹ́ bú olóṣèlú aláìdúróṣinṣin, "Aaya Ram, Gaya Ram" ni yóò wí: Ram dé, Ram lọ. Nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe fi àfikún kẹwàá sínú ìwé òfin lọ́dún 1985, nígbà ìjọba Rajiv Gandhi.

Ọ̀nà méjì ni ìjókòó fi lè bọ́ lọ́wọ́ aṣòfin. Èkíní, bó bá fínnú-fíndọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé. Ilé ẹjọ́ sì ti sọ pé ìwà ènìyàn nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé ó ti kúrò, kò dìgbà tó bá kọ̀wé. Èkejì, bó bá dìbò lòdì sí àṣẹ wíìpù, ìyẹn ẹni tí ẹgbẹ́ fi ṣe alámòójútó bí àwọn aṣòfin rẹ̀ yóò ṣe dìbò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òfin náà gbà pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ bá jọ yapa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò lọ́dún 2003. Ohun tó kù ni kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà láti da ẹgbẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Àwọn Shinde kò sọ rí pé àwọn da Shiv Sena pọ̀ mọ́ BJP. Wọn ò sì sọ pé àwọn yapa, torí òfin kò mọ ìyapa mọ́. Ohun tí wọ́n wí ni pé àwọn gan-an ni Shiv Sena, pé Uddhav ló ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé wíìpù tiwọn ni wíìpù, àwọn tó dúró ti Uddhav ló sì rú òfin.

Kí ló dé tó jẹ́ abẹnugan ló ń dá irú ẹjọ́ yìí?

Torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àfikún kẹwàá nìyẹn. Àwọn tó kọ ọ́ ní ilé aṣòfin ló yẹ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Nínú ẹjọ́ Kihoto Hollohan lọ́dún 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé adájọ́ lè yẹ ìdájọ́ abẹnugan wò lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn bi í pé: abẹnugan tí ẹgbẹ́ kan fi joyè, báwo ni yóò ṣe dájọ́ ẹgbẹ́ náà? Lọ́dún 2020, lórí ẹjọ́ kan láti Manipur, ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ gba àwọn aṣòfin àpapọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n rò ó bóyá kí ìgbìmọ̀ aládàádúró kan gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ abẹnugan, ó sì ní kí ẹjọ́ má kọjá oṣù mẹ́ta.

Narwekar fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ dáadáa. Shiv Sena ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí NCP lọ́dún 2014, ó sì wọ ilé lábẹ́ BJP lọ́dún 2019. Nígbà tó gorí àga lóṣù keje ọdún 2022, àna rẹ̀, Ramraje Naik Nimbalkar ti NCP, ṣì ni alága ilé òkè. Fún ọjọ́ mélòó kan, baba ìyàwó ń darí ilé kan, ọkọ ọmọ ń darí èkejì, ẹgbẹ́ wọn ò sì pa pọ̀.

Kí ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wá wí?

Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni adájọ́ márùn-ún, tí D.Y. Chandrachud ṣáájú wọn, fi ẹnu kò. Àwọn ọmọlẹ́yìn Uddhav yọ̀, àwọn ti Shinde náà yọ̀, àwọn méjèèjì sì rí ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí.

Ilé ẹjọ́ ní gómìnà kò ní ẹ̀rí tó tó láti fi pè fún kíka orí, pé ìjà inú ẹgbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ gómìnà. Ó ní abẹnugan ṣàṣìṣe nígbà tó gba Bharat Gogawale ti ẹ̀yìn Shinde gẹ́gẹ́ bí wíìpù, torí ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń yan wíìpù, kì í ṣe àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ náà nìkan. Síbẹ̀, ó ní òun kò lè dá Uddhav padà sórí oyè, nítorí pé fúnra rẹ̀ ló fipò sílẹ̀ láìdúró de kíka orí. Ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ní kí ìjókòó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó dá a padà sọ́dọ̀ abẹnugan. Ó sì ní kí adájọ́ méje tún ọ̀rọ̀ Nabam Rebia wò.

Abẹnugan fi ẹsẹ̀ falẹ̀ títí ilé ẹjọ́ fi bínú, tó fún un ní gbèdéke. Wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó wá bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2024.

Ta wá ni Shiv Sena gidi?

Ibi méjì ni wọ́n ti dáhùn ìbéèrè yìí. Lọ́jọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2023, àjọ elétò ìdìbò India gbé orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀, ọrun àti ọfà, fún Shinde, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aṣòfin 40 nínú 55 wà. Uddhav di olórí Shiv Sena tí wọ́n fi orúkọ òun àti ti baba rẹ̀ Balasaheb lé, àmì wọn sì di ògùṣọ̀ tó ń jó.

Ti abẹnugan ló gùn, ó lé ní wákàtí kan tó fi ń kà á nínú ilé. Kókó rẹ̀ ni ìwé òfin ẹgbẹ́. Àwọn Uddhav mú ti ọdún 2018 wá, èyí tó fún olórí ẹgbẹ́ ní agbára ńlá. Abẹnugan ní kò sí nínú àkọsílẹ̀ àjọ elétò ìdìbò, pé ti ọdún 1999 ni òun mọ̀. Nínú ti 1999, ó ní olórí ẹgbẹ́ kò lè dá ṣe ìpinnu bí ọba. Níwọ̀n bí ìwé kò ti lè yanjú ọ̀rọ̀, ó wo ibi tí ọ̀pọ̀ aṣòfin wà lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2022: 37 nínú 55 wà lọ́dọ̀ Shinde. Ó ní àwọn ni Shiv Sena. Kò sì gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹnì kankan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àwọn Uddhav ní abẹnugan ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìdájọ́ ilé ẹjọ́, torí ilé ẹjọ́ ti sọ pé iye aṣòfin nìkan kò tó láti fi mọ ẹgbẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ padà. Àwọn Shinde ní ẹgbẹ́ kì í ṣe dúkìá ìdílé, pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló mọ ibi tí ẹgbẹ́ ń lọ.

Ti NCP tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ kan náà. Lọ́jọ́ kejì oṣù keje ọdún 2023, Ajit Pawar, tó jẹ́ olórí alátakò nígbà yẹn, kó aṣòfin lẹ́yìn wọnú ìjọba, ó fi Sharad Pawar, àbúrò baba rẹ̀, sílẹ̀ lẹ́yìn. Lóṣù kejì ọdún 2024, àjọ elétò ìdìbò gbé orúkọ àti àmì aago fún Ajit, abẹnugan náà ní tirẹ̀ ni NCP nínú ilé. Sharad gba àmì ọkùnrin tó ń fọn kàkàkí.

Kí ló dé tí kò sí olórí alátakò?

Ìdìbò ọdún 2024 fún BJP ní 132, Shiv Sena ti Shinde 57, NCP ti Ajit 41. Ní òdìkejì, Shiv Sena ti Uddhav gba 20, Congress 16, NCP ti Sharad 10. Fadnavis di olórí ìjọba lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kejìlá, Shinde àti Ajit di igbákejì. Narwekar padà sórí àga abẹnugan lọ́jọ́ 9, láìsí ẹni tó bá a dù ú. Ilé òkè yan Ram Shinde ti BJP ní alága nínú oṣù kan náà. Shinde yìí kì í ṣe Shinde tọ̀hún o.

Ìdá mẹ́wàá 288 jẹ́ 28.8, wọ́n sì ń kà á sí 29. Àṣà kan wà, tó ti inú ilé aṣòfin àpapọ̀ Delhi wá, pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdá mẹ́wàá ilé kò lè mú olórí alátakò wá. Àṣà yìí ló mú kí Congress wà láìní ipò náà ní Delhi lọ́dún 2014 tí wọ́n ní 44 nínú 543, àti lọ́dún 2019 tí wọ́n ní 52.

Lóṣù kẹta ọdún 2025, ẹgbẹ́ Uddhav fi orúkọ Bhaskar Jadhav ránṣẹ́ sí abẹnugan. Jadhav yẹn náà ni, ẹni tó jókòó sórí àga lọ́jọ́ tí wọ́n lé BJP 12 síta. Àlàyé wọn ni pé ìdá mẹ́wàá kò sí nínú ìwé òfin India, kò sì sí nínú òfin ìpínlẹ̀ tó ń san owó oṣù olórí alátakò, èyí tó kàn sọ pé kí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alátakò tó ní ènìyàn jùlọ, tí abẹnugan sì fọwọ́ sí. Wọ́n tún tọ́ka sí ilé aṣòfin ìlú Delhi, kì í ṣe ti àpapọ̀, lọ́dún 2015: BJP ní ìjókòó 3 péré nínú 70, síbẹ̀ abẹnugan tó jẹ́ ti AAP, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà náà, fọwọ́ sí Vijender Gupta ti BJP gẹ́gẹ́ bí olórí alátakò.

Ìdáhùn àwọn tó wà nínú ìjọba ni pé ọwọ́ abẹnugan ló wà. Òfin tí àwọn alátakò ń kà sí ẹ̀rí wọn náà ló sọ bẹ́ẹ̀: "tí abẹnugan sì fọwọ́ sí". Kò sì sí ibi tó ti sọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí a bá ka ẹgbẹ́ alátakò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 46 ni wọ́n, ó ju 29 lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àṣà náà ń kà, kì í ka àjọṣe.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ní Ìbàdàn. Lóṣù karùn-ún ọdún 1962, gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ S.L. Akíntọ́lá nípò Pírémíà nítorí pé ọmọ ilé 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Kò sí ìbò nínú ilé. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ní kò tọ́, pé inú ilé ló yẹ kí wọ́n ti dìbò. Ní ọdún 1963, àwọn adájọ́ ọba ní London ní ó tọ́, pé gómìnà lè fi ìwé mọ̀. India, tó jogún irú ìjọba kan náà lọ́wọ́ òyìnbó, gba ọ̀nà tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà gbà, kì í ṣe ti London: láti ẹjọ́ Bommai ọdún 1994 ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé inú ilé ni a ti ń ka orí, kì í ṣe nínú pálọ̀ gómìnà.

Ti kíkúrò nínú ẹgbẹ́ náà wà nínú òfin wa. Abala 109 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ní ìjókòó aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá yí ẹgbẹ́ padà yóò bọ́, àyàfi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pín, ó sì fi iṣẹ́ náà sí ọwọ́ abẹnugan. "Ẹgbẹ́ wa ti pín" ni gbogbo wọn sì máa ń wí. Ìfẹ́dayọ̀ Abégúndé, tó ṣojú Àkúrẹ́ ní Abuja, wí bẹ́ẹ̀ nígbà tó fi ẹgbẹ́ Labour sílẹ̀ lọ sí ACN. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a lẹ́bi: ìjà inú ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe ìpín. Àyè tí òfin wa ṣì fi sílẹ̀ fún ìpín yìí ni India ti dí pa lọ́dún 2003.

Kí ló wà níbẹ̀ fún ará ìlú?

Olórí alátakò ní Maharashtra ń jẹ ipò mínísítà: ọkọ̀, ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́. Ìyẹn kọ́ ni pàtàkì rẹ̀. Òfin fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ ìjọba. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìpínlẹ̀, olórí ìjọba wà níbẹ̀, abẹnugan wà níbẹ̀, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wà níbẹ̀, olórí alátakò náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí àga rẹ̀ bá ṣófo, àwọn tó kù lè máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn tó kọ òfin ẹ̀tọ́ sí ìsọfúnni lọ́dún 2005 rí èyí tẹ́lẹ̀: wọ́n kọ ọ́ pé bí kò bá sí olórí alátakò tí wọ́n fọwọ́ sí, kí olórí ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jùlọ jókòó dípò. Kì í ṣe gbogbo òfin ló ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Ti ilé òkè náà kò kéré. Orúkọ 12 tí Koshyari fi sábẹ́ tábìlì ní ọdún 2020, 7 nínú àwọn àyè yẹn ni gómìnà mìíràn wá fi ènìyàn sí lábẹ́ ìjọba Shinde. Wọ́n búra fún wọn lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọjọ́ náà gan-an tí àjọ elétò ìdìbò kéde ọjọ́ ìbò.

Ìdájọ́ 2023 fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún adájọ́ méje: ṣé ìwé tí àwọn aṣòfin bá kọ láti yọ abẹnugan tó láti dá a dúró kí ó má dájọ́ wọn? Bí wọ́n bá ní kò tó, igbákejì abẹnugan tó bá wà nípò bíi ti Zirwal lọ́la yóò lè gba ìjókòó lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ kí wọ́n tó dé láti hòtẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ní ó tó, ohun tí ọlọ̀tẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe ni kó kọ ìwé yẹn, kó tó wọ bàálù.